Ìbọn Ọdẹ Onídìí Igi àti Èyí Tó Ń Ká: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà ní Àgbègbè Àbújá

Àwọn ará wa tí wọ́n dáko sí Kwali, Abaji àti Kuje máa ń bi mí pé irú ìbọn wo ni àwọn lè rà tí ọ̀bọ àti ọ̀yà kò fi ní jẹ àgbàdo àwọn tán. Ohun tó sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìbọn tí ìdí rẹ̀, ìyẹn apá tí a ń fi ti èjìká, ń ká, irú èyí tí wọ́n ti rí lọ́wọ́ ṣọ́jà. Mo ti lo ìbọn ẹlẹ́nu méjì onídìí igi fún ọdún 9, mo sì ti lo ẹlẹ́nu kan tó ń ká fún sáà òjò 2, nítorí náà ohun tí ọwọ́ mi ti bà ni mo fẹ́ fi wé ara wọn níhìn-ín.

Òfin ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ogun oní-mìlímítà 7.62 mọ́ ohun tí a kà léèwọ̀ fún ará ìlú, ìbáà jẹ́ pé ìdí rẹ̀ ń ká tàbí kò ká. Ìbọn ọdẹ tí a ń fi ọwọ́ kì ni òfin náà fi sí abẹ́ ìwé àṣẹ, ó sì yọ èyí tó bá ní ẹ̀rọ tó ń ti ọta wọlé kúrò níbẹ̀. Pump action, ìyẹn èyí tí a ń fa igi iwájú rẹ̀ sẹ́yìn sọ́wájú kí ọta mìíràn lè wọlé, tí àwọn kan ń gbé kiri bí ẹni pé ẹ̀tọ́ wọn ni kò sí lára ohun tí ìwé àṣẹ lásán lè bò. Kí owó tó kúrò lápò yín, ẹ kọ́kọ́ lọ sí oríkò ọlọ́pàá láti béèrè bóyá wọ́n ń fúnni ní ìwé náà lásìkò yẹn àti ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ènìyàn mú wá.

Nítorí pé ìbọn ṣọ́jà ló gbé ìfẹ́ ìdí kíká wọ inú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó dára kí a wo bí wọ́n ṣe ṣe tirẹ̀. FAL, ìbọn ogun tí ilé iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù ṣe, tí DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba wa ní Kàdúná, náà sì ti ṣe lábẹ́ orúkọ NR1, ní sípíríǹgì ńlá kan tó ń dá irin inú rẹ̀ padà lẹ́yìn tí ọta bá ti jáde, inú ìdí ìbọn gan-an sì ni sípíríǹgì náà wà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ìdí náà máa ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwọn ṣọ́jà tó ń bọ́ láti inú ọkọ̀ òfurufú, wọn kò lè kàn gé e kí wọ́n sì de irin mọ́ ọn. Wọ́n ní láti gbé sípíríǹgì náà lọ sábẹ́ ìdérí òkè, kí wọ́n sì pààrọ̀ irin tó ń sáré nínú rẹ̀ àti ìdérí náà pẹ̀lú. G3, ìbọn ogun ti Jámánì, rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé sípíríǹgì tirẹ̀ kò sí nínú ìdí. Ẹni tó bá wo ìdí ìbọn bí igi ìfọwọ́mú lásán kò tíì mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì kò ní irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀, èyí ló sì ń tan àwọn ènìyàn láti rò pé ìdí rẹ̀ ṣeé gé. Orí igi ìdí náà ló fẹ̀yìn ti irin tó gbé ọ̀pá méjèèjì, òun ló sì ń gba agbára ìpadàsẹ́yìn kí ó tó dé èjìká. Èyí tí mo ń lò ń lọ bíi kílò 3, ìwọ̀n yìí sì ń dín ìlù tó ń bọ̀ sí èjìká kù. Ẹlẹ́nu kan tó ń ká fúyẹ́ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá yin ọta kan náà nínú àwọn méjèèjì, èyí tó fúyẹ́ yóò gbá yín ju èkejì lọ. Ẹni tó bá yin ọta 10 lówùúrọ̀ kan yóò mọ̀ ọ́n lára títí di alẹ́.

Ẹlẹ́nu méjì tún fún ọdẹ ní àǹfààní láti yìn lẹ́ẹ̀kejì láìṣí i, ọ̀pá rẹ̀ kan sì sábà máa ń tú ọta ká ju èkejì lọ. Bí ẹyẹ awó bá fò lójijì, ẹ ó yin èyí tó ń tú ká. Bí ó bá ti jìnnà, ẹ ó yin èyí tó ń kó ọta jọ. Ẹlẹ́nu kan kò ní irú àǹfààní yìí.

Kí wá ni èyí tó ń ká fi dára? Ìdáhùn àwọn tó ń tà á ni pé ó ń kúrú, ó sì wọ inú àpò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú igi iwájú ẹlẹ́nu méjì, ọ̀pá méjèèjì yóò yọ kúrò lára ìdí láàárín ìṣẹ́jú kan láìlo irinṣẹ́ kankan, ohun tó gùn jù nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ọ̀pá tí kò sábà ju sẹ̀ǹtímítà 71 sí 76 lọ. Ẹlẹ́nu kan tí a ti ká kò kúrú ju èyí lọ lọ́nà tó ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pá tirẹ̀ náà gùn. Ohun tí ẹ ń sanwó fún ni ìyára kíká, ìyẹn sì wúlò fún ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko ju fún ẹni tó ń gbé mọ́tò. Bí ọ̀rọ̀ yín bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kí ó máa ká ni kí ẹ rà.

Ìdè, ìyẹn oríkèé tí ìbọn yìí ti ń ká, náà ni ó ń gbára lé nígbà tí ọta bá ń jáde. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa tó wà lójú ọ̀nà Abaji máa ń wọ inú rẹ̀, ó sì ń dàpọ̀ mọ́ epo di ohun tó ń lọ irin bí ọlọ. Nu ún gbẹ, kí o sì fi epo díẹ̀ péré sí i. Ọyẹ́ kò yọ onídìí igi sílẹ̀ pẹ̀lú: igi náà máa ń gbẹ, sukúrúù inú rẹ̀ á sì dẹ̀. Mo máa ń yẹ tèmi wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn ọyẹ́ àti lẹ́yìn òjò, n kò sì tíì rí i kí ó kọ̀ láti dún.

Ìbọn kẹta tí ẹ óò rí lójà ni mo bẹ̀rù jù, ìyẹn ẹlẹ́nu méjì tí ẹnì kan ti gé ìdí igi rẹ̀, tó wá jó irin kíká mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ra irú rẹ̀. Nígbà tó yìn ín lẹ́ẹ̀kẹrin, ìdè náà yẹ̀, irin ìdí gbá a ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, eyín rẹ̀ kan sì yọ. Inú mi kò tíì dùn sí ọ̀rọ̀ náà títí di òní, nítorí pé ọjọ́ tó rà á ni mo ti bẹ̀ ẹ́ kí ó dá a padà. Òfin kò sì gba ẹni tí kò ní àṣẹ láàyè láti tún ìbọn ṣe, débi tí yóò fi yí i padà. Ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Bí ẹ bá ti yan ọ̀kan nínú àwọn 2 àkọ́kọ́, ẹ kọ́kọ́ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ tú igi iwájú kúrò, kí ẹ pa á dé, kí ẹ sì mi ọ̀pá náà. Bí ó bá mì, tàbí tí ẹ rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ìdí ọ̀pá àti irin tó tì í, ìdè rẹ̀ ti jẹ. Ẹ wo àmì ilé ìdánwò, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti dán agbára ìbọn náà wò, irú ti Birmingham ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gardone ní Ítálì tàbí Eibar ní Sípéènì, lábẹ́ ọ̀pá, kí ẹ sì ka gígùn ihò ọta tí wọ́n kọ síbẹ̀. Púpọ̀ nínú ìbọn àtijọ́ láti Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 65, ọta tó sì pọ̀ lójà lónìí jẹ́ 70. Ọta 70 lè wọ inú ihò 65 láìkọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní àyè láti ṣí tán, agbára inú ọ̀pá á sì ga ju èyí tí wọ́n dá a sí lọ.