F-150 ni àbí F-250? Bí a ṣe ń dá pikọ́ọ̀pù akẹ́rù-wúwo mọ̀ kówó tó kúrò lápò

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ta sìmẹ́ǹtì lọ́nà Ìkìrun, níbí ní Òṣogbo, ra pikọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó sọ fún un pé F-250 ni, ìyẹn pikọ́ọ̀pù akẹ́rù-wúwo ti Ford. Àmì F-250 wà lára ọkọ̀ náà lóòótọ́, ó ń dán. Ọjọ́ tí wọ́n kó ogún àpò sìmẹ́ǹtì sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí rẹ̀ jókòó mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ ń wo òkè. Mẹkáníìkì tí a gbé e lọ bá kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo rímù, ó ka nọ́ọ̀tì, ó ní, “Ọ̀gá, F-150 lẹ rà o.” F-150 ni ti Ford tó fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹnì kan ló lẹ àmì F-250 yẹn mọ́ ọn lára.

Ó dùn mí púpọ̀, nítorí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ láti mọ̀ ọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ra pikọ́ọ̀pù. Orí rẹ̀ tóbi, ó ga, ó ń bú, a sì gbà pé ẹrù kì í wúwo fún un. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni agbára ẹrù wà, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń kó wọn wá, ìwúwo ni wọ́n fi pín wọn. Ẹ da ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti epo inú rẹ̀, ti àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ àti ti ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀. Iye tó ga jù lọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí fún àròpọ̀ yìí ni wọ́n ń kọ ní GVWR. Èyí tí tirẹ̀ kò bá ju 8,500 lb (pọ́ùn) lọ, ìyẹn nǹkan bíi 3,856 kílò, akẹ́rù-fúyẹ́ ni. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ti bọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tí mẹkáníìkì wa ń pè ní hẹ́fì dútì. F-150, Chevrolet Silverado 1500, Ram 1500 àti Toyota Tundra wà lápá kan. F-250 àti F-350, Silverado 2500HD àti 3500HD, Ram 2500 àti 3500 wà lápá kejì. Toyota kò ṣe Tundra akẹ́rù-wúwo rí, bó ti wù kí V8 rẹ̀, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, máa bú tó.

Ẹ ka nọ́ọ̀tì

Nọ́ọ̀tì tó de rímù mọ́ ọkọ̀ ni ẹ̀rí tó yá jù. F-250 àti F-350 láti 1999, mẹ́jọ-mẹ́jọ ni. Silverado 2500HD àti Ram 2500 náà, mẹ́jọ. F-150 láti 2004 ní mẹ́fà, èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní márùn-ún. Silverado 1500 ní mẹ́fà. Tundra láti 2007 sí 2021, márùn-ún péré.

Ram ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ram 1500 àti 2500 ọdún 2010 sí 2018 jọra bí ìbejì. Ẹni tó bá dúró lókèèrè kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà yóò rí i pé nọ́ọ̀tì márùn-ún ni 1500 ní, tí 2500 sì ní mẹ́jọ. Ram 1500 tuntun tó jáde fún 2019 ti di mẹ́fà.

Àwọn kan wà tí kò tẹ̀lé ìlànà yìí. Ford ṣe F-150 kan tó ní nọ́ọ̀tì méje fún àwọn tó fẹ́ kó gbé ẹrù ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹn kò sọ ọ́ di F-250 tòní. Silverado 1500HD tí wọ́n ṣe ní nǹkan bíi 2001 sí 2006 sì ní mẹ́jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1500 ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ wo abẹ́ rẹ̀

Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ sùn sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo àárín rímù ẹ̀yìn. Lára F-250, irin róbótó kan yọ síta láàárín rẹ̀ tí bóòtù yí i ká. Irin ńlá tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá ló ru ẹrù níbẹ̀. Ṣáfúù inú rẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa yí táyà lọ. Lára F-150, ṣáfúù kan náà tó ń yí táyà ló tún ń ru ìwúwo. Tó bá kán nídìí táyà, táyà lè bá a lọ. Ti F-250 lè kán kẹ́ ẹ fà á yọ, kí táyà ṣì dúró sáyè rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo sípírìn. F-150 náà ń lo sípírìn pẹlẹbẹ tó lé ara wọn lórí, ṣùgbọ́n ti F-250 pọ̀ ó sì nípọn jù ú lọ. (Ram 2500 láti 2014 ń lo sípírìn tó lọ́ bí ejò tó ká, ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé kì í ṣe ojúlówó.)

Ọ̀rọ̀ sípírìn yìí ló ń ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ F-150 tí wọ́n ń tà ni wọ́n ti fi ewé sípírìn kan tàbí méjì kún tiwọn kó lè ga lẹ́yìn, kó sì dà bí ẹni tó lè gbẹ́rù. Sípírìn tuntun yẹn kò fi nǹkan kan kún búréèkì. Kò sọ ṣáfúù di ńlá, kò kan bíárìn, kò sì kan rímù. Ọkọ̀ kò ní jókòó mọ́lẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ìyẹn náà ló sì léwu: àmì tó ń kìlọ̀ fún yín pé ẹrù ti pọ̀ jù ni wọ́n mú kúrò. Ẹ wá fojú inú wò ó níbi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè lọ́nà Iléṣà pẹ̀lú òkúta lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí ewé sípírìn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù, ẹ bèèrè ohun tó gbé e débẹ̀.

Sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn

Tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ ó rí sítíkà tí GVWR wà lára rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, òmíràn tún wà nítòsí rẹ̀ tó ní àwọ̀ yẹ́lò, èyí tó sọ iye tí èrò àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ jù. Ìwé tó ṣe pàtàkì jù lórí gbogbo ọkọ̀ náà nìyẹn, àwọn tó ń rà á kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ǹtì ṣírò rẹ̀. Àpò kan jẹ́ 50 kílò. Ká ní sítíkà F-150 olówó ńlá kan, onílẹ́dà àti òrùlé onígíláàsì, kọ 1,500 lb, ìyẹn bíi 680 kílò. Dírẹ́bà àti ọmọ iṣẹ́ méjì lè gba 230 kílò níbẹ̀. Ó ku 450: àpò mẹ́sàn-án. Bí ohun afẹ́ inú ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹrù tó lè gbé ń dín kù, nítorí ohun afẹ́ náà ní ìwúwo.

Nǹkan tó ya ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu jù ni pé F-250 gan-an lè má gba ogún àpò yẹn. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wúwo. Bí F-250 onídísẹ́ẹ̀lì, onílẹ̀kùn mẹ́rin, bá kọ 2,200 lb sára, kò tó tọ́ọ̀nù kan. Tẹ́ ẹ bá yọ èèyàn mẹ́ta náà kúrò, àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. F-250 gbẹrẹfu tó ń lo bẹntiróòlù a máa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Níbo wá ni agbára hẹ́fì dútì lọ? Fífà ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi í fa ilé onítáyà, ọkọ̀ ojú omi àti ẹṣin. Àwa kì í sábà fa nǹkan. Ẹ̀yìn ọkọ̀ là ń kó ẹrù sí. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga ìgbàlódé, tó ń fa kọ̀mpírẹ́sọ̀ láti Òṣogbo lọ sí abúlé kan sí òmíràn, ẹni yẹn ni F-350 wà fún.

Bí wọ́n bá ti ya sítíkà dànù, ẹ lọ sórí nọ́ńbà ṣáásí. Lára Ford wọ̀nyí, ẹ ka ohun kẹfà láti apá òsì: 1 fún F-150, 2 fún F-250, 3 fún F-350. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1FTFW1, F-150 ni. 1FT7W2, F-250 ni. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ bá ti ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù mu.

Táyà náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ a lè pààrọ̀ rẹ̀. LT àti lẹ́tà E lára táyà fi hàn pé ti ẹrù ni, ó lè gba afẹ́fẹ́ dé 80 psi. P ni ti ọkọ̀ fífúyẹ́.

Ẹ́ńjìnnì

Dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ẹ̀rí. F-250 oníbẹntiróòlù wà, V8 6.2 (lítà 6.2 ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀) láti 2011 sí 2022. F-150 onídísẹ́ẹ̀lì náà wà, 3.0, láti 2018 sí 2021. Nínú àwọn dísẹ́ẹ̀lì Ford, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ra 6.0 tó wà láti 2003 sí 2007. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń mú èéfín rẹ̀ tutù ti sọ ọ̀pọ̀ wọn di òkú ọkọ̀. 7.3 tó ṣáájú rẹ̀ sàn jù.

6.7 tó dé ní 2011 lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò ju 15 nínú mílíọ̀nù kan lọ ni wọ́n ṣe é fún. Ó ní asẹ́ èéfín tó lè dí, ó sì ní táńkì kejì tí wọ́n ń rọ DEF sí, omi tó ń bá a fọ èéfín mọ́. Omi díẹ̀ nínú dísẹ́ẹ̀lì lè ba pọ́ǹpù rẹ̀ jẹ́, kí irin wẹ́wẹ́ sì gba ojú ọ̀nà epo lọ ba ìyókù jẹ́. Tẹ́ ẹ bá rà á, ọjọ́ kìíní ni kí wọ́n ti kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń da omi kúrò nínú fílítà. Ó ń gba ọ́ìlì tó lítà 12 tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì, V8 5.0 ti F-150 kò ju bíi 7 sí 8 lọ.

Nílùú wa níbí

Àwọn èèyàn rò pé F-250 fẹ̀ ju F-150 lọ. Rárá, méjèèjì tó bíi mítà méjì. Gígùn ni ìyàtọ̀: F-150 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú tó mítà 5.9, F-250 irú rẹ̀ tó 6.35. F-350 tó ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn ló fẹ̀, ó tó mítà 2.4. Ẹ má gbé ìyẹn lọ sí àdúgbò Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni F-250 tí kò rù nǹkan kan máa ń ta èèyàn sókè nínú kòtò.

Tó bá jẹ́ pé ilé, oko àti àpò mélòó kan ni, F-150 tàbí Hilux tó. Ọ̀pọ̀ Hilux ń gbé tó tọ́ọ̀nù kan, ju ọ̀pọ̀ F-150 olówó ńlá lọ. Ẹni tó ń kó ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ lójoojúmọ́, Canter ni kó rà, kì í ṣe pikọ́ọ̀pù kankan. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe nígbẹ̀yìn nìyẹn. Ó ta F-150 náà fún àgbẹ̀ aládìyẹ kan, ó yọ àmì F-250 yẹn kúrò lára rẹ̀ lójú ẹni tó rà á, ó sì fi sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn hàn án kí wọ́n tó ka owó.