Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà probation, ìyẹn àkókò ìdánwò lẹ́nu iṣẹ́? Ohun tí National Industrial Court lè ṣe àtohun tí kò lè ṣe

Kóòtù tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà yìí ní ẹ̀ka l'Ékòó, ní Ìbàdàn àti l'Ákùúrẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ilẹ̀ wa ṣe lọ́dún 2010, òun ni irú ẹjọ́ báyìí tọ́ sí. Ẹni tó bá gbé e lọ sí High Court fi owó lọ́yà ṣòfò ni.

Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò: oṣù mélòó ni probation, nótíìsì ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi sí i? Bí lẹ́tà ò bá sọ ti nótíìsì, Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ló kù. Ẹni tí kò tíì ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, nótíìsì ọjọ́ 1. Ẹni tó ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ òfin yẹn ò kan mánéjà, akáǹtáǹtì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ibi tí òṣìṣẹ́ ti máa ń rọ́wọ́ mú jù nìyí. Ká ní lẹ́tà sọ pé oṣù 6 ni probation. Oṣù 6 pé, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan, owó oṣù ń wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kọ̀wé pé ẹ ò yege nínú probation. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ọ́ lọ́dún 1991, nínú ẹjọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, pé agbanisíṣẹ́ tó jẹ́ kí èèyàn máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí àkókò ti pé, tó sì ń sanwó fún un, ti fi ìṣe ara rẹ̀ gbà á síṣẹ́ pátápátá. Sítétíméǹtì báńkì fún oṣù keje àti ìkẹjọ lẹ̀rí tẹ́ ẹ máa kó wá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ṣá o, bóyá wọ́n ti fún yín ní lẹ́tà tó fi kún probation yẹn kí oṣù 6 tó pé. Ìyẹn lè ba ẹjọ́ yín jẹ́.

Kíkó ìwé ẹjọ́ wọ kóòtù ò le, àmọ́ gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan náà: fọ́ọ̀mù ìpẹjọ́, àlàyé ọ̀rọ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n búra sí, pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ lò.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni owó. Níṣẹ́ aládàáni, kóòtù kì í sábà fipá dá èèyàn padà síṣẹ́. Owó nótíìsì, ìyẹn owó tí wọ́n ń san dípò nótíìsì, àti owó oṣù tí wọ́n jẹ yín ló sábà máa ń já sí. Bí nótíìsì bá jẹ́ oṣù 1, tówó oṣù sì jẹ́ ₦150,000, owó lọ́yà lè jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ jalè tàbí pé ẹ hùwà àìtọ́, láìjẹ́ kẹ́ ẹ wí tẹnu yín, tàbí tó bá jẹ́ nítorí oyún.

Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ràn ẹ̀ka ìlàjà kóòtù yìí ju ẹjọ́ gan-an lọ fún ẹni tó wà ní probation. Ẹ ní kí lọ́yà yín bẹ adájọ́ kó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí, kóòtù lè sọ ọ́ di ìdájọ́. Ẹjọ́ gan-an máa ń falẹ̀, ìsúnsíwájú pọ̀, ó sì ń rẹ èèyàn.

Ìwé kan wà tí HR máa ń gbé síwájú èèyàn kó tó gbowó: pé ó ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì ní ẹjọ́ kankan mọ́. Ẹni tó gba owó nótíìsì tó sì buwọ́ lù ú, kóòtù lè sọ pé òun àti ọ̀gá rẹ̀ ló jọ fòpin sí iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á ná.