Ilé onítáyà: ìtòsí ni, àbí ọ̀nà jíjìn?

Ìwọ tí o wà ní Houston, tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé onítáyà tí mọ́tò ń fà, o lè lo sáà àkọ́kọ́ ní Brazos Bend, ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ Texas tó wà nítòsí Houston, níbi tí ọ̀nì ti ń yá oòrùn létí adágún. Omi àti iná wà níbẹ̀. Bí páìpù bá ń jò, ilé rẹ ní Houston ò jìnnà. Ibẹ̀ lo ti máa kọ́ rìfáàsì: yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ìdí ilé onítáyà á gba òsì lọ. (Ìjà tọkọtaya dé nìyẹn!)

Grand Canyon, àfonífojì ńlá tó wà ní Arizona, ńkọ́? Ó rẹwà, àmọ́ ó lé ní 1,000 máìlì, mọ́tò tó ń fa ẹrù sì ń mu epo bí omi. Ní tèmi, Brazos Bend lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ooru tó mú, kí Grand Canyon di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.