Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta flyback àlòkù: ojú mi rí màbo

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún mọ́nítọ̀ géèmù àtijọ́ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ara mọ́nítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lòun ti yọ páàtì. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ nílé, torí ojú ń tì mí.

Electrohome G07, irú mọ́nítọ̀ géèmù àtijọ́ kan, ni mo ń tún ṣe. Ẹni tó bá mọ G07 mọ̀ pé flyback, páàtì tó ń sọ iná di ńlá fún túùbù, ìyẹn gíláàsì ojú mọ́nítọ̀, ni àìsàn rẹ̀: tó bá pẹ́, ara rẹ̀ á sán, iná tó yẹ kó lọ sínú túùbù á máa fò gba ojú ibẹ̀ jáde. Tèmi náà ti kú. Mo mọ̀ pé tuntun wà fún un, àmọ́ èyí tó bá mọ́nítọ̀ wá gan-an ló wù mí. Mo rí ọkùnrin kan. Ó ní, "Fúnra mi ni mo yọ ọ́, mo ti dán an wò, kò ní wàhálà kankan." Ó fi àwòrán ojú mọ́nítọ̀ kan tó mọ́ gaara ránṣẹ́. Mo sanwó lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ náà gan-an! Mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Nígbà tó dé, ó dúdú, ó ń dán. Flyback tó ti lé ní 40 ọdún, tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á! Iná tó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń fa eruku mọ́ra, ó yẹ kí n ti fura. Mo rí i, mo ní ọkùnrin náà mọ nǹkan tọ́jú ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò o. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n kí n tó fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ohun tí mo rí sì bá ohun tó yẹ mu. Ṣùgbọ́n bí waya inú flyback bá kan ara wọn níbi kan, mítà lásán kì í sábà fi hàn. Mo mọ èyí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n! Gílóòbù tó yẹ kí n so sí ojú fúùsì kí iná má bàa wọlé jù wà nínú àpótí mi, mi ò mú un jáde. Ìkánjú ni.

Mo tan án. Ojú túùbù mọ́lẹ̀, inú mi dùn, mo pe ọmọ mi kó wá wò ó. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ta! ta! ta! Iná búlúù fò láti ara flyback bọ́ sára férémù irin, fúùsì já, gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn. Ọmọ náà fò sẹ́yìn. Iná tó tó 20,000 fóòtì ni mò ń wí yìí, ọmọdé sì dúró tì í! Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, ó ju owó lọ.

Tíránsísítọ̀ tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ti kú, mítà ń ké láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Mo wá fi ọ̀bẹ fá ara flyback náà. Ọ̀dà ni! Lábẹ́ ọ̀dà, gọ́ọ̀mù. Lábẹ́ gọ́ọ̀mù, ibi tó sán, ó gùn tó èékánná àtàǹpàkò mi. Èèyàn jókòó, ó rí i pé ó sán, ó fi gọ́ọ̀mù dí i, ó fi ọ̀dà bò ó, ó wá ní kò ní wàhálà. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Gbájúẹ̀ ni!

Mo bá a sọ ọ́, ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n so. Èmi! Mo fi àwòrán ọ̀dà tó bó ránṣẹ́, kò fèsì mọ́. Ìgbà tí mo padà wo àwòrán tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni mo rí i pé ojú túùbù nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí flyback kankan. Mọ́nítọ̀ ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́.

Àwọn kan á ní mo ya òpè. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n túùbù ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àlòkù náà la ó máa rà? Àwọn tó ń tà á mọ̀ pé a ò ríbi sá sí. Ní tèmi, mi ò gba ìkankan nínú wọn gbọ́ mọ́, títí kan èyí tó ń pe èèyàn ní "ọ̀gá mi".

Ẹ gba fídíò tí páàtì yẹn gan-an ti ń ṣiṣẹ́, kí orúkọ yín wà lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fá ọ̀dà ara rẹ̀ wò. Ẹ fi ring tester, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bí waya inú flyback bá kan ara wọn, yẹ̀ ẹ́ wò. Kapasítọ̀ àlòkù, páàtì kékeré tó ń tọ́jú iná, ẹ má rà á rárá. Túùbù, ẹ wò ó nígbà tó bá wà ní pípa, àmì géèmù tó ti jó mọ́ ojú rẹ̀ á hàn. Ẹ so gílóòbù!

Flyback náà wà lórí tábìlì mi, mi ò ní sọ ọ́ nù. Ẹni tí wọ́n bá tún fi irú rẹ̀ lọ̀, tó dúdú tó ń dán, kó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí kó tó sanwó.