Mo Fi Google Ads Polówó Àdìrẹ fún Ọ̀sẹ̀ Mẹ́sàn-án

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ₦41,800 wọlé lọ, èèyàn 311 tẹ ìpolówó mi, n ò sì ta ìdì kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp, ohun tó sì ń bèèrè ni bóyá mo lè kọ́ òun ní aró rírẹ. Màmá mi, tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kí wọ́n tó bí mi, wo ojú fóònù mi títí. Wọ́n ní, "Àwọn 311 yìí, ta ni wọ́n?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo fi ọ̀sẹ̀ méje tó kù wá ìdáhùn sí.

Fún ẹni tí kò bá tíì lò ó rí: Google Ads ni ibi tí èèyàn ti ń sanwó fún Google kó lè gbé ìpolówó rẹ̀ jáde fún ẹni tó ń wá nǹkan. Láti ọdún 2000 ló ti wà, AdWords ni wọ́n ń pè é kó tó di Google Ads lọ́dún 2018. Bí èèyàn kàn rí ìpolówó yín tó sì kọjá, ẹ ò ní san nǹkan kan. Ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lowó tó jáde. Ẹ̀yin lẹ máa yan ọ̀rọ̀ tó máa gbé ìpolówó jáde, ẹ̀yin lẹ máa sọ iye tí ẹ fẹ́ ná lójúmọ́. Ti ojúmọ́ yìí, ẹ fiyè sí i. ₦3,000 ni mo kọ, mo jí lọ́jọ́ kan mo bá ₦5,600, àyà mi já. Àṣé ó wà nínú àlàyé wọn pé wọ́n lè ná tó ìlọ́po méjì lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, àmọ́ lóṣù, kò ní ju ìlọ́po 30.4 iye ojúmọ́ lọ.

Ọmọkùnrin kan tó ní òun mọ iṣẹ́ náà ló bá mi ṣí i, ₦15,000 ló gbà. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham, ní London, sọ pé wọ́n ń wá àdìrẹ lọ́dọ̀ àwọn, ló bá yan gbogbo ayé, gbogbo èdè. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló kọ síbẹ̀: adire, kampala. Ó ní ó parí.

Ojú ewé tí wọ́n ń pè ní Search terms ló là mí lójú. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí àwọn tó tẹ ìpolówó yín kọ sí Google gan-an. Alẹ́ ọjọ́ kan ni, iná ti lọ, ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ló wà nínú yàrá. Mo rí "cheap hotels in kampala". Mo rí "kampala weather". Mo rí "flights to kampala". Kampala tí àwa ń rẹ ní Ìtòkú, olú ìlú Uganda ni lójú ẹni tó ń wá òtẹ́ẹ̀lì! Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ owó mi ni mo fi ń rín in. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo bá "adire le vie legali", èèyàn mọ́kànlá ló fi wọlé. Mo rò pé orúkọ ẹnì kan ni. Èdè Ítálì ni o: lọ́dọ̀ tiwọn, kí èèyàn gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wá lọ́yà bá àdìrẹ ẹlẹ́kọ pàdé. Ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò yé mi títí dòní.

Àwọn ará Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. "Adire styles for ladies" ló pọ̀ jù: ẹni tó ti ní aṣọ nílé, tó ń wá àwòrán tó máa fi han télọ̀ ni. "How to make adire", akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Nínú 311, bóyá lẹni tó fẹ́ ra aṣọ pé ogún.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ lásán láìfi àmì kankan sí i, Google á gbé e lọ síbi tó bá jọ ọ́. Tí ẹ bá fi sáàárín àmì àyọlò, ó ní láti gbé ìtumọ̀ yẹn dání. Èyí tí ẹ bá fi sáàárín àkámọ́ onígun, [ ], ló há jù: ohun tó bá ìtumọ̀ yẹn mu gan-an nìkan ló máa gbé e jáde. Mo kọ "buy adire fabric" àti "adire 5 yards" sáàárín àmì àyọlò, mo pa kampala rẹ́. Mo to hotel, weather, flights, legali, styles, how to sínú negative keywords, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ò fẹ́ kó gbé yín jáde. Mo dín ayé kù sí Nàìjíríà àti UK, mo sì yí "Presence or interest" padà sí "Presence", kó lè jẹ́ ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan.

Èrò dín kù kíákíá, àmọ́ n ò ṣì tà. Mo bá gba fóònù Màmá, èyí tí ojú rẹ̀ ti sán, mo tan dátà, mo ṣí ojú ewé ìtajà tí ìpolówó mi ń gbé èèyàn lọ, mo sì ń kà. Iṣẹ́jú àáyá 19 kí àwòrán àkọ́kọ́ tó yọ. Nígbà tó yọ tán, "DM for price". Èmi ni mo kọ ọ́! Quality Score mi, ìyẹn máàkì tí Google ń fún ọ̀rọ̀ tí èèyàn yàn pẹ̀lú ìpolówó àti ojú ewé rẹ̀, jẹ́ 3 nínú 10, ó sì tọ́ sí mi. Èyí tó burú jù ni pé àkọsílẹ̀ ń sọ fún mi pé mo ní conversion 290, ìyẹn iye ìgbà tí èèyàn ṣe ohun tí a fẹ́ kó ṣe lẹ́yìn tó tẹ ìpolówó. Ọmọkùnrin yẹn ti ṣètò pé ẹni tó bá ti ṣí ojú ewé, oníbàárà ni. Mo tún un ṣe kó jẹ́ ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì WhatsApp. Mo dín ìwọ̀n àwòrán kù kó lè tètè yọ, mo kọ iye owó, mo kọ pé aṣọ òwú (cotton) ni àti bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn ni mo fi ṣe Experiments, tó máa ń pín èrò sí méjì fún ìpolówó méjì. Ọ̀kan sọ pé àdìrẹ ojúlówó láti Abẹ́òkúta, èkejì sọ pé yáàdì márùn-ún ₦12,000. Èèyàn 118 tẹ èyí tí kò ní iye, márùn-ún kọ̀wé, ẹnì kan rà. Èèyàn 71 péré ló tẹ èyí tó ní iye, mẹ́sàn-án kọ̀wé, mẹ́rin rà. Iye èèyàn yìí kéré, mi ò ní fi búra. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Màmá, wọ́n ní, "Lọ́jà, ẹni tó fọwọ́ pa aṣọ wò tó lọ, kò gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ìwọ ń sanwó fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Kí lo wá ń fi iye pamọ́ fún?"

Máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún Google Ads. Irinṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ₦3,500 ni èrè mi lórí ìdì kan, ìpolówó sì ń gba nǹkan bí ₦2,660 nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ta ìdì kọ̀ọ̀kan, kó rò ó dáadáa. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo gbìyànjú "adire for aso ebi". Obìnrin kan láti Ìbàdàn ti bèèrè ogójì ìdì. Màmá ní kí n má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kí owó wọlé ná.