Adápítọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì USB tí mo rà ní oríta Ọláìyá, Òṣogbo: kì í sùn

Ìdáhùn tí ọmọ ìsọ̀ fún mi ló mú mi kọ èyí. Mo ṣàlàyé fún un pé adápítọ̀ yìí kì í sùn, ìyẹn ni pé kì í dín iná tó ń jẹ kù nígbà tí mi ò bá lò ó, pé tí wọ́n bá ti mú iná lọ, òun ló ń jẹ bátìrì. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yín ló ti gbó." Lọ́jọ́ kejì ó fi adápítọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà Windows tiwọn, iná ewéko tàn lára rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, ó ń ṣiṣẹ́." Ta ló ní kò ṣiṣẹ́? Orí Linux tí kọ̀ǹpútà tèmi ń lò ni ẹjọ́ wà, nínú dráífà (sọ́fítíwíà tó ń darí adápítọ̀) tí wọ́n fi tà á.

Mo kọ auto sínú power/control, fáìlì tó ń gba adápítọ̀ láàyè láti sùn, mo fi àṣẹ ip link fa ìsopọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wálẹ̀. Autosuspend_delay_ms jẹ́ 2000, nítorí náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2 ló yẹ kí runtime_status, fáìlì tó ń sọ ipò rẹ̀, di suspended (ó ti sùn). Active (ojú rẹ̀ ṣì là) ló wà títí. Fáìlì yẹn ò lè sọ ẹni tó ń dí i lọ́wọ́. Ẹ wọ /sys/kernel/tracing, ibi tí Linux ti ń kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ (1-2 ni orúkọ tó fún adápítọ̀ mi, rpm sì ni ètò tó ń mú ẹ̀rọ sùn tó ń jí i), ẹ kọ name ~ "1-2*" sínú events/rpm/filter, kí ẹ tó kọ 1 sínú events/rpm/enable. Mo yí control sí on, mo dá a padà sí auto, ìlà rpm_return_int sì gbé ret=-16 (EBUSY, ọwọ́ dí) jáde fún 1-2: ọmọ rẹ̀ kan, ìyẹn apá kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣì wà lójúfò. 1-2:1.0 ni ọmọ náà, apá (interface) tí dráífà dì mú lára adápítọ̀. Ká ní unsupported ni ipò tirẹ̀ ni, a jẹ́ pé dráífà ò kọ supports_autosuspend = 1, èyí tó ń sọ pé ó fara mọ́ sísùn; ṣùgbọ́n active lòun náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ìsopọ̀ sókè tí mo fà á wálẹ̀, cnt (iye ìdìmú tí kò jẹ́ kó sùn) inú ìlà rpm_resume ń gùn sí i: 1, 2, 3. Dráífà ń gba ìdìmú, kì í dá a padà.

Ọjọ́ kẹta ni mo bá ọ̀gá wọn. Ó gbọ́ mi tán, kò jiyàn. Ó pe ẹni tó ń kó ọjà fún wọn, kódù dráífà dé sórí WhatsApp kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n gbé tábìlì fún mi, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Open, iṣẹ́ tí dráífà ń ṣe nígbà tí ìsopọ̀ bá gòkè, ń pe usb_autopm_get_interface láti gba ìdìmú. Stop, tìgbà tí ìsopọ̀ bá wálẹ̀, ò pe usb_autopm_put_interface tó yẹ kó dá a padà rárá. Ìlà kan ṣoṣo! Mo fi kún un, mo ṣe make, mo fi dráífà tuntun rọ́pò ti àtijọ́, mo yọ adápítọ̀, mo tún un kì bọ̀, mo tún kọ auto sínú power/control. Bí mo ṣe fa ìsopọ̀ wálẹ̀, rpm_idle fi cnt-0 hàn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 2 ó sùn. Ọmọ ìsọ̀ yẹn náà fà mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo yọ ọ̀kan nítorí "bátìrì yín ló ti gbó".