SACD àbí DVD-Audio, èwo ni ká rà?

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu yín. Àwo orin tí wọ́n ṣe kóhùn ẹ̀ lè dáa ju ti CD lásán lọ ni méjèèjì. SACD (Super Audio CD), tí Sony àti Philips gbé jáde ní 1999, èyí tó bá jẹ́ hybrid nínú ẹ̀, ìyẹn èyí tí ohùn CD àti ti SACD jọ wà lórí àwo kan náà, máa kọ nínú ẹ̀rọ CD lásán, àmọ́ ohùn CD náà lẹ máa gbọ́, àfi tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ SACD gan-an. DVD-Audio, ìyẹn DVD tí wọ́n ṣe fún orin, lè dé bit 24 àti 192 kHz, tó fi hàn pé ohùn tó gbà sílẹ̀ kún ju ti CD lọ, ṣùgbọ́n nígbà míì ẹ máa tan tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ tó rí orin yàn, orin tá a fẹ́ fetí gbọ́ o! Wọ́n ṣì ń ṣe SACD tuntun, ti DVD-Audio, àlòkù ló pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ CD nìkan lẹ ní, hybrid ló máa rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹni tí ẹ̀rọ DVD-Audio ti wà nílé ẹ̀, kó máa ṣa àlòkù ẹ̀ kiri.